Omi Kọ́ Ló Tan Iná Ilé Mi

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Pásítọ̀ Dúrótìmí, mo mọ̀ pé ẹ rò pé mo fẹ́ jẹ́rìí bí mo ṣe máa ń jẹ́ ẹ ni ẹ ṣe gbé máìkì fún mi. Tòní kọ́ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí, mo sì ti pinnu pé mi ò ní gbé e padà sílé lónìí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ lórí ìdúró. Bí mo bá fi lè jókòó, ẹ̀rù á bà mí, màá tún parọ́.

Daddy Engineer lẹ ń pè mí nínú ìjọ yìí. Olúsọjí Ọládèjì ni orúkọ mi, mi ò sì ṣe ẹnjiníà rí. Nígbà tí mo wà ní Iléṣà, mítà ni mo ń kà fún NEPA. Ojúlé dé ojúlé ni mo ń lọ, ajá àwọn èèyàn á máa lé mi. Nígbà tí mo dé London, bọ́ọ̀sì ni mo ń wà títí mo fi fẹ̀yìn tì ní Plumstead níbí. Ẹ̀yin lẹ sọ mí ní Engineer, ó sì dùn mọ́ mi nínú, kí n má purọ́. Ẹni tí wọ́n ti ń pè ní "driver" láti àárọ̀ ọjọ́ ayé rẹ̀, kí wọ́n ṣàdédé máa pè é ní Engineer, kí ìyá arúgbó máa yẹ̀ fún un kó jókòó níwájú, ẹ ò mọ bó ṣe ń rí lára.

Nígbà tí iná mànàmáná wọ́n gógó nílùú yìí, tí gbogbo wa ń wọ kóòtù nínú ilé, mo máa ń rìn létí omi tó wà lẹ́yìn fúláàtì wa ní Thamesmead, nítorí dókítà ní kí n máa rìn. Ibì kan wà níbẹ̀ tí omi adágún ti ń gba orí kọnkéré já sínú odò tóóró tí wọ́n gbẹ́. Jíjá náà kò dé orúnkún mi. Ṣùgbọ́n omi ń já, mo sì ti rí omi tó ń já láti orí àpáta lágbègbè wa nílé, mo mọ agbára tó wà nínú rẹ̀. Mo ní kí ló dé tí mi ò lè fi ṣe iná? Mo wo fídíò lórí fóònù títí ojú mi fi pọ́n. Mo mú rímù báìkì kan, mo gé ike bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà mọ́ ọn lára kí omi lè máa ti í, mo tú mọ́tò ẹ̀rọ ìfọṣọ tó ti bàjẹ́, mo so ó mọ́ bátìrì ọkọ̀. Mi ò tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn òjò ńlá kan, ó yí. Ó yí o! Gílóòbù kan ṣoṣo tàn nínú kíṣìnì wa, Margaret ìyàwó mi sì jó yí tábìlì ká.

Òótọ́ ibẹ̀ nìyẹn. Gílóòbù kan, tí òjò bá rọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ìsinmi, nígbà tí mo dúró síbi tí mo dúró sí yìí, ẹnu mi kò gbà kí n sọ pé gílóòbù kan. Mo ní Ọlọ́run ti fi omi tan gbogbo ilé mi. Mo ní fìríìjì, mo ní tẹlifíṣọ̀n, mo ní kẹ́tù tí a fi ń se omi tíì, omi ló ń gbé gbogbo rẹ̀. Ẹ fò sókè, ẹ ké halelúyà. Mo sọ fún ara mi pé irọ́ kọ́, ìgbàgbọ́ ni. Ṣé wọn kò ti kọ́ wa pé kéèyàn máa jẹ́rìí sí nǹkan kó tó dé ni? Ẹ wo bí mo ṣe gbé ọ̀rọ̀ mímọ́ bo irọ́ mi mọ́lẹ̀. Omi tó máa gbé kẹ́tù gbọ́dọ̀ ti òkè réré já bọ́, ó sì gbọ́dọ̀ pọ̀. Thamesmead tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo ni, omi ibẹ̀ gan-an kò mọ ibi tó ń lọ.

Pásítọ̀ wá kéde nínú oṣù kẹjọ pé ìjọ máa wá wo iṣẹ́ Olúwa nílé mi. Oòrùn ti mú gbogbo omi gbẹ nígbà yẹn. Mo lọ wo ẹ̀rọ mi, pẹ́pẹ́yẹ ló ń rìn kiri níbi tó yẹ kí omi ti máa já. Mo lè pè yín kí n ní ẹ má wá, omi ti gbẹ. Kí ló burú ńbẹ̀? Ojú á tì mí díẹ̀, ẹ ó rẹ́rìn-ín, ó parí. Ṣùgbọ́n Engineer kò fẹ́ kí ojú ti òun. Kọ́bọ́ọ̀dù kan wà lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé wa, ibẹ̀ ni iná tí àwọn onílé fi ń tan ọ̀nà àbáwọlé wà. Ẹni tó ti ka mítà rí mọ bí wọ́n ṣe ń jí iná; àwọn tó ń jí i ni mo fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà náà. Mo fa wáyà kan láti ibẹ̀, mo gbà á lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì wọ yàrá mi, mo fi í pamọ́ sẹ́yìn bátìrì.

Ẹ dé. Mo ní bátìrì ti tọ́jú agbára omi pamọ́, kò sì sẹ́ni tó lọ wo etí omi. Mummy Títí, ẹ̀yin fúnra yín lẹ gbé kẹ́tù kaná, tó hó, tí ẹ bú sẹ́kún. Ẹ má sunkún báyìí, Mummy, ọ̀rọ̀ ò tíì débẹ̀. Pásítọ̀ gbé ọwọ́ lé bátìrì, wọ́n gbàdúrà pé kí ó má kú láéláé. Èmi ni Àmín mi ròkè jù.

Láti ọjọ́ náà, mi ò rí wáyà yẹn tú mọ́. Èèyàn ń wá wò ó láti Belvedere, láti Shooters Hill, láìròtẹ́lẹ̀. Nígbà tó yá, ara mi ti mọ́ ọn. Òtútù dé, mo so hítà mọ́ ọn pẹ̀lú. Wáyà tín-ín-rín tí mi ò rà fún irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ni mo ń di ẹrù lé.

Ọmọkùnrin kan ń gbé lókè ilé wa tó ń jẹ́ Mùjídì. Òun àti ọmọ rẹ̀ obìnrin, Adéṣẹwà, ni wọ́n jọ ń gbé; ìyá ọmọ ti lọ sí Birmingham. Báìkì oníbátìrì ni Mùjídì fi ń gbé oúnjẹ kiri fún àwọn tó bá rà á lórí fóònù. Ọmọ dáadáa ni. Ti òun ti àṣíborí lórí, á ṣì bẹ̀rẹ̀ kí mi, á gba àpò ọwọ́ mi, á gbé e dé ẹnu ọ̀nà. Ásímà, ikọ́ tó ń dí èémí, ń ṣe Adéṣẹwà, ìnhélà tó máa ń fà sẹ́nu kì í kúrò nínú àpò ilé-ìwé rẹ̀. Mo mọ ikọ́ ọmọ yẹn bí mo ṣe mọ ohùn àwọn ọmọ tèmi.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù kọkànlá, mo ń ti Woolwich bọ̀, mo ṣílẹ̀kùn àbáwọlé báyìí, òórùn ike tó ń jó ni mo gbọ́. Èéfín ń yọ láti kọ́bọ́ọ̀dù. Mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀yin ará, kí ló yẹ kí èèyàn ṣe? Kó pariwo! Kó máa gbálẹ̀kùn àwọn èèyàn! Mi ò pariwo. Ilé mi ni mo kọ́kọ́ wọ̀, mo tú ìdí wáyà, mo jáde, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fà á kúrò nínú kọ́bọ́ọ̀dù kí ẹnikẹ́ni má bàa rí i. Ó há. Mo fà á. Èéfín ti ń gun àtẹ̀gùn lọ sókè, mo sì gbọ́ tí ọmọ kan ń wúkọ́ lókè. Mo gbọ́ ọ dáadáa. Mo mọ ẹni tó ń wúkọ́. Mo ṣì ń fà á. Ìgbà tí wáyà já sí mi lọ́wọ́, tí mo ti sọ ọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ni mo tó figbe ta.

Àpá tó wà ní àtẹ́lẹwọ́ mi yìí, tí ẹ fi dúpẹ́ fún mi pé mo fara jóná nítorí aládùúgbò mi, ibi tí mo ti ń fa wáyà ni mo ti rí i. Mùjídì ló gbé ọmọ rẹ̀ sáré sọ̀kalẹ̀, àwọ̀ ètè ọmọ náà ti ń yí padà. Wọ́n fi atẹ́gùn sí i nímú ní ọsibítù fún ọjọ́ mélòó kan. Ọlọ́run dá a sí. Èmi kọ́ ni mo dá a sí.

Adrian, òyìnbó tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilé wa, wá bá mi. Ó ní ẹnì kan ti jí iná nínú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn, ṣé mo rí ẹnikẹ́ni níbẹ̀? Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ. Mo ní, "Mi ò fẹ́ fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni o, ṣùgbọ́n ọmọkùnrin òkè yẹn, tó ń gba iná sí bátìrì báìkì, mo ti rí i níbẹ̀ rí." Irọ́ ni. Mi ò rí i níbẹ̀ rí. Wọ́n gbà mí gbọ́, nítorí ewú orí mi, àti nítorí pé gbogbo èèyàn ló ti ń bẹ̀rù bátìrì báìkì tẹ́lẹ̀.

Mo ní kí n sọ èyí tó burú jù. Mùjídì wá kúnlẹ̀ sínú pálọ̀ mi. Ó ní, "Daddy, wọ́n ní kí n kó jáde. Wọ́n ní ẹnì kan rí mi, wọn ò sọ ẹni náà. Ẹ̀yin lẹ ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù yẹn. Ẹ ṣáà bá mi sọ fún wọn pé ẹ ò rí mi níbẹ̀ rí. Tí wọ́n bá gba ilé lọ́wọ́ mi, ìyá Adéṣẹwà á mú un lọ." Gbólóhùn kan ló tọrọ lọ́wọ́ mi. Kàkà kí n sọ ọ́, mo gbé ọwọ́ tó jóná yìí lé e lórí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà fún un. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo gbàdúrà! Mo ní ọ̀nà á là. Mo ní ojú á ti ọ̀tá tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Mo ní ẹni tó fẹ́ lé e nílé kò ní rí ibi gbé orí lé. Mùsùlùmí ni, ó sì ń ṣe Àmín sí gbogbo rẹ̀ tọkàntọkàn. Margaret dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì. Ó ti rí wáyà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kò ṣe Àmín, àti ọjọ́ náà ni kò ti bá mi gbàdúrà mọ́.

Wọ́n lé e jáde. Ọmọ lọ sí Birmingham. Ní báyìí, Mùjídì àti àwọn mìíràn ló há sínú yàrá kan ní Belvedere.

Ní oṣù tó kọjá, Tèmilọlá ọmọ mi ra oúnjẹ lórí fóònù. Mo ṣílẹ̀kùn, Mùjídì ni. Ó bẹ̀rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Daddy, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Àdúrà ọjọ́un, ẹ ṣé gan-an o. Ó ń ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ti ń jẹ́ kí n bá Adéṣẹwà sọ̀rọ̀ lórí fóònù." Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi! Mi ò lè gbé oúnjẹ náà dé tábìlì, ilẹ̀ ni mo jókòó sí.

Mo ti lọ bá Adrian, mo ti jẹ́wọ́ fún un. Ó ní ọ̀rọ̀ náà á dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá, ilé sì lè bọ́ lọ́wọ́ èmi náà. Mo ní kó bọ́. Ó ní wọ́n á tún ọ̀rọ̀ Mùjídì wò, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ti wà nínú fúláàtì rẹ̀, kò lè ṣèlérí kankan. Lẹ́yìn náà ni mo wá Mùjídì lọ, a jókòó létí odò ní Woolwich, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Kò pariwo, kò bú mi. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí. Ó ní, "Nígbà tí ẹ ń fa wáyà yẹn, ṣé ẹ gbọ́ ikọ́ ọmọ mi?" Mo ní mo gbọ́. Ó dìde, ó ń ti báìkì rẹ̀ lọ, kò tilẹ̀ gùn ún. Kò gbé fóònù mi mọ́ láti ìgbà náà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó wà ní kúáyà, tí ẹ fẹ́ràn àtipariwo ẹ̀rí, gílóòbù kan tó tàn lóòótọ́ ti tó ọpẹ́. Ẹ má bù kún un. Ẹ̀yin ìjọ, ẹ forí jì mí bí ẹ bá lè ṣe é. Ẹ má sì pè mí ní Engineer mọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ mi gan-an nìyí. Mo mọ̀ wá. Bí mo bá ti jókòó báyìí, àwọn àgbà ìjọ á kóra jọ, wọ́n á lọ bá Mùjídì ní Belvedere, wọ́n á ní kó wo ewú orí mi, kó wo ti Ọlọ́run, kó fọwọ́ wọ́nú. Ọmọ tó mọ̀wà hù ni, kò ní lè kọ̀ fún yín. Á ní ó ti tán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ. Ó ti ṣe Àmín fún mi ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ẹ bá fẹ́ràn mi, ẹ bá mi wá ilé tí òun àti ọmọ rẹ̀ lè gbé. Bó bá sì fẹ́ máa bínú sí mi títí màá fi kú, ẹ jẹ́ kó bínú.