Mi Ò Wọ Ọkọ̀ Òkun Rí

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, ó ti rẹ̀ mí. Irọ́ kan ni mo gbé sọ́rùn, mi ò sì mọ ibi tí mo lè sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí. Bí kì í bá ṣe pé obìnrin kan ń retí èsì lẹ́nu mi ní Sọ́ńdè tó ń bọ̀ yìí, bóyá ǹ bá gbé e wọ sàréè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó bú mi.

Ní Agége tí mò ń gbé, àti ní ilé iṣẹ́ ọ̀dà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Oregun, Kápítẹ́nì ni gbogbo èèyàn ń pè mí. Wọ́n gbà pé atukọ̀ òkun ni mí nígbà èwe mi. Irọ́ ni. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, mi ò lè lúwẹ̀ẹ́, mi ò sì wọ ọkọ̀ òkun rí láyé mi. Abọ́ ni mo fọ̀. Búkà kan wà nítòsí wáàfù ní Àpápá, ibẹ̀ ni mo ti ń fọ abọ́, tí mò ń gbọ́ ìtàn lẹ́nu àwọn atukọ̀ tó ń jẹun. Ọ̀kan nínú wọn ló fín ìdákọ̀ró sí mi lápá lọ́jọ́ tí ọtí ń pa á. Ìdákọ̀ró yìí làwọn ará Agége rí tí wọ́n fi sọ mí lórúkọ.

Èmi náà ò sì sọ fún wọn pé irọ́ ni. Ó dùn mọ́ mi. Tí a bá jókòó sínú bọ́ọ̀sì ilé iṣẹ́ láàárọ̀, wọn á ní, "Kápítẹ́nì, ẹ sọ ti òkun fún wa jàre." Màá ní wọn kì í súfèé nínú ọkọ̀ òkun, kí wọ́n má baà pe ìjì. Màá ní iná pupa ló ń wà lápá òsì ọkọ̀, aláwọ̀ ewé lápá ọ̀tún. Màá ní àwọn ará àtijọ́ máa ń fi ọ̀rá sí ìdí òjé, wọ́n á fi okùn sọ ọ́ sísàlẹ̀ omi, iyanrìn tó bá lẹ̀ mọ́ ọn ni wọ́n fi ń mọ ibi tí wọ́n dé. Ìyẹn kì í ṣe irọ́ o, ẹnu àwọn tó ṣe é ni mo ti gbọ́ ọ.

Obìnrin kan wà nínú ilé wa, ẹ jẹ́ ká pè é ní Ìyá Bọ́lá, ọmọ Èkìtì. Mẹkáníìkì ni ọkọ rẹ̀ nínú ọkọ̀ apẹja ńlá kan. Lọ́dún tí àwọn sójà gbé ìjọba fún alágbádá, ọkọ̀ náà lọ, kò dé. Wọ́n ní ó ti rì. Ẹnikẹ́ni ò rí òkú. Àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀ wá láti Èkìtì, wọ́n ní kó wọ aṣọ dúdú. Ó figbe ta, ó ní ọkọ òun ò kú. Ni ẹnì kan bá ní, "Kápítẹ́nì, ẹ dá sí i, ẹ̀yin lẹ mọ òkun." Gbogbo wọn bá yíjú sí mi.

Wàláhì, àánú ló ṣe mí. Ojú tún ń tì mí láti sọ pé mi ò mọ̀. Mo ní, "Lọ́dọ̀ àwa atukọ̀, a kì í ṣọ̀fọ̀ ẹni tí òkun ò dá òkú rẹ̀ padà. Ọkọ̀ míì lè ti gbé e lọ sílùú òkèèrè." Mo tún ní kó kọ́ bàtà ọkọ rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, pé bí ìyàwó atukọ̀ ṣe ń ṣe nìyẹn. Ibi tí mo ti rí ìyẹn, Ọlọ́run ló yé. Mo rò pé á kàn fi tura fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni.

Àwọn ẹbí ọkọ bínú lọ, wọn ò yọjú mọ́ títí dòní. Obìnrin yìí ń dúró. Wọ́n ti ń lẹ pósítà ìbò kejì báyìí, ó ṣì ń dúró, ó ṣì ń kun bàtà yẹn. Mo fẹ́ sọ òótọ́ fún un nígbà kan. Kí n tó la ẹnu, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọpẹ́lọpẹ́ yín, wọn ì bá ti mú mi sin ọkọ mi láàyè." Mo bá wọlé lọ. Ìyàwó tèmi gan-an ò mọ̀, atukọ̀ lòun náà rò pé òun fẹ́.

Ní báyìí, tísà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, tí ìyàwó tiẹ̀ ti kú, fẹ́ fẹ́ ẹ. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó ti ríṣẹ́ nílé ní Oǹdó, ó fẹ́ gbọ́ èsì kó tó lọ. Ìyá Bọ́lá kúnlẹ̀ níwájú mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọkàn mi ti ń fà sí i. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ọkọ mi dé bá mi nílé ọkùnrin. Tí ẹ bá ní ó tó, ó tó. Tí ẹ bá ní kí n ṣì dúró, màá dúró." Mo ní kó fún mi di Sọ́ńdè.

Mo lè sọ pé àsìkò tí àwa atukọ̀ fi ń dúró ti pé. Á lọ sílé ọkọ tayọ̀tayọ̀, orúkọ mi ò ní bàjẹ́. Ṣùgbọ́n irọ́ ni mo tún pa yẹn. Tí mo bá sì sọ òótọ́, á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ afọbọ́ lòun fi lé ẹbí ọkọ òun lọ, tóun fi jókòó láti ọjọ́ yìí. Ẹ̀rù ń bà mí pé kò ní lè gba ẹnikẹ́ni gbọ́ mọ́, títí kan tísà yẹn.

Nígbà tó ń lọ, mo bi í bóyá kò ní bínú sí ohun tí mo bá sọ. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní báwo lòun ṣe máa bínú, pé nínú gbogbo àwọn tó dá sí ọ̀rọ̀ ọkọ òun, èmi nìkan ni ò parọ́ fún òun.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin èèyàn mi, kí ni kí n sọ fún un?