Mo Sẹ́ Ẹni Tí Ó Kọ́ Mi Ní Ìwé

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi, nítorí èmi kì í ṣe aláriwo ènìyàn. Ọmọ kékeré kan ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lórí ẹní bí mo ti ń kọ èyí. Bí ó bá jí, "Ìyá" ni yóò pè mí, yóò sì na ọwọ́ sí mi. Èmi kọ́ ni mo bí i. Ìyá tí ó bí i wà láàyè ní Èkó, ara rẹ̀ dá ṣáṣá, kò jalè, kò ṣe àgbèrè, kò bú ìyakọ rẹ̀. Ẹnu mi yìí ni mo fi lé e kúrò nílé ọkọ. Nígbàkúùgbà tí mo bá forí kanlẹ̀ láti kírun, ojú obìnrin náà ni mo ń rí. Ha! Ẹ̀yin ènìyàn, irú ìrun wo ni mo wá ń kí?

Ilé àlùfáà ni wọ́n bí mi sí nínú Ìlọrin níbí. N kò ní dárúkọ agboolé wa. Bàbá mi kọ́ mi ní kéú títí mo fi parí rẹ̀ kí n tó lọ sílé ọkọ, ó sì fún mi ní díẹ̀ nínú àwọn ìwé tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dà kọ, tí mo kó sínú àpò awọ tí mo gbé kọ́ ògiri yàrá mi. Òye mi kò jìn púpọ̀, ṣùgbọ́n láàrin àwọn ìyàwó ilé wa, èmi ni wọ́n kà sí onímọ̀. Nígbà tí a bá ti kí Àlásàrí tán, tí a jókòó ti òfì tí a ń hun kíjìpá, wọn á ní, "Ìyá Àlíhù, kí lo ń kà lọ́wọ́ báyìí?" Èmi á sọ fún wọn. Mo lè ní èyí tí mo ń kà báyìí, ọ̀rọ̀ sùúrù ló kún inú rẹ̀, ó dára fún ẹni tí orogún ń yọ lẹ́nu. Ti ìṣáájú le jù, kí aboyún má tilẹ̀ gbọ́ ọ, nítorí ọ̀rọ̀ sàréè pọ̀ níbẹ̀. Bí mo bá yin ìwé kan, inú wọn á dùn sí i. Bí mo bá bu ẹnu àtẹ́ lù ú, ó tán nìyẹn. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó ṣe ìdájọ́ ìwé nílé wa, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ olùkọ́ tí ó jókòó níwájú rẹ̀ kà á. "Ọ̀dọ̀ ta lo ti gbà á?" ni à ń bèèrè. Ìwé tí a kò gbà lẹ́nu ẹnìkan, ọmọ tí kò ní bàbá ni lójú wa. Èmi a sì máa fi ìgbéraga dáhùn pé, "Ọ̀dọ̀ bàbá mi ni."

Ẹ jẹ́ kí n pe obìnrin tí mo ń sọ ní Rékíyà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ kọ́ nìyẹn. Aya àbúrò ọkọ mi ni. Ọmọ Ìlọrin ni bàbá àti ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n òwò ló gbé wọn dé Èkó, ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló sì ti kọ́ ìwé òyìnbó díẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n fi gbé e wá sílé ọkọ, nígbà tí àwọn àgbàlagbà ìlú ṣì ń lọ dúró wo ọkọ̀ náà bí ẹni ń wo erin. Nínú ẹrù rẹ̀ ni ìwé títẹ̀ kan wà. Èdè Yorùbá ni, àmọ́ lẹ́tà òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́. Mo máa ń rí i tí ó ń rẹ́rìn-ín sí ìwé náà lóun nìkan. Inú mi kò balẹ̀. Mo fẹ́ mọ ohun tí ó ń pa á lẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ kan tí àwọn yòókù lọ sí Ọjà-Ọba, mo pè é sínú yàrá mi, mo ní, "Ìyàwó, kí ló wà níbẹ̀?" Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ìyáálé mi, bí mo bá sọ ọ́, kò ní dùn. Ẹ jẹ́ kí n kọ́ yín kí ẹ fi ojú ara yín kà á."

Báyìí ni ọmọdé tí mo lè bí lọ́mọ ṣe di olùkọ́ mi. Ilẹ̀ yàrá ni ó fi ìka kọ lẹ́tà sí fún mi, ọmọ ọwọ́ rẹ̀ wà ní ẹ̀yìn rẹ̀, tí a ó sì fi ọwọ́ pa á rẹ́ bí a bá gbúròó ẹsẹ̀. Lẹ́tà tí ẹ ń kà yìí pàápàá, òun ni ó kọ́ mi. Nígbà tí ojú mi là sí i tán, mo bẹ̀rẹ̀ ìwé náà. Ìtàn obìnrin kan ni, tí ogun gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, tí ó ń tẹ̀lé àwọn aláàárù láti ìlú dé ìlú láti wá a. Ó dé etí odò, ọlọ́kọ̀ ní òun kò ní gbé e sọdá àfi bí ó bá fún òun ní aṣọ ọmọ náà tí ó dì mọ́ àyà. Mo sunkún níbẹ̀. Mo ní kò gbọ́dọ̀ fún un. Rékíyà ní, "Aṣọ kọ́ ni ọmọ, Ìyáálé mi. Kí ó fún un, kí ó sọdá!"

Mo ní, "Ìwọ kò tíì sin ọmọ rí ni."

Ó ní, "Ẹ má bínú. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí ojú ewé kejì wò ná."

Mo gbádùn rẹ̀, wáláhì! Láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, n kò rí ẹni bá jiyàn lórí ìwé bẹ́ẹ̀ mọ́.

Níbi tí mo ti kọ́kọ́ ṣìnà nìyí. Nídìí òfì, wọ́n bi mí bí ìṣe wọn pé kí ni mo ń kà. Ìtàn náà kún mi lẹ́nu, mo sì sọ ọ́ fún wọn dé etí odò. Ìyá Jímọ̀, ìyàwó ilé wa kan tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ju òwú sílẹ̀, ó ní, "Ọlọ́kọ̀ burúkú! Odò náà ni yóò gbé e lọ! Ìyá Àlíhù, ìwé bàbá rẹ yìí mà dùn o!" N kò sọ pé kì í ṣe ti bàbá mi. Rékíyà wà níbẹ̀ tí ó ń ran òwú, ó tẹrí ba, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó rò pé eré ni. Gbogbo wọn yin ìwé náà, wọ́n ní irú rẹ̀ ló yẹ kí ìyá máa kà.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà, àlùfáà kan wàásù ní àdúgbò wa pé ìwé tí àwọn aláwọ̀ funfun ń tẹ̀ ni wọn yóò fi fa ọmọ wa kúrò nínú ẹ̀sìn. Ẹ̀rù ba gbogbo ilé. Ìyakọ wa, tí a ń pè ní Ìyá Àgbà, bá ìwé Rékíyà lábẹ́ ìrọ̀rí, ó gbé e wá sídìí òfì, ó sì fi lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Ìyá Àlíhù, ìwọ lo mọ̀wé nínú wa. Ǹjẹ́ o mọ èyí? Bí o bá mọ̀ ọ́n, ọ̀dọ̀ ta lo ti gbà á?"

Ẹ wo ìbéèrè! Ọkàn Rékíyà balẹ̀, ó rò pé ọ̀rọ̀ ti tán, nítorí èmi ni wọ́n bi. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní mo mọ ìwé náà, mo ní láti dárúkọ olùkọ́ mi, ẹni tí ń kúnlẹ̀ kí mi ní òwúrọ̀. Wọn yóò sì mọ̀ pé ìtàn tí mo fi orúkọ bàbá mi tà fún wọn, inú ìwé òyìnbó ni mo ti jí i. Mo dá ìwé náà padà sí ọwọ́ Ìyá Àgbà. Mo ní, "Èèwọ̀! N kò mọ̀ ọ́n. Ìwé tí kò ní olùkọ́ bí irú èyí, kí ẹ má jẹ́ kí ó sùn nínú ilé yìí."

Ìyá Jímọ̀ pàtẹ́wọ́. "Mo ti ń wò ó! Ìyàwó tí ń bá bébà tàkúrọ̀sọ!" Òun kan náà tí ó ṣépè fún ọlọ́kọ̀! Ìyá Àgbà yíjú sí Rékíyà, ó ní kí ni ó ní í wí. Rékíyà wò mí. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ìyáálé mi ti sọ̀rọ̀. Bí wọ́n ti wí ni." Wọ́n ti ìwé náà sínú iná ìdáná lójú wa. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ ti ìdálẹ̀ dé, ó bi í léèrè bóyá ó ti kọ́ ẹlòmíràn nílé ní ìwé náà. Ó ní kò sí. Wọ́n dá a padà sí Èkó, wọ́n sì gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ó ti já lẹ́nu ọmú. Èmi tí ẹ̀sìn mi dájú ni wọ́n gbé e fún kí n tọ́.

Nísinsìnyí ààwẹ̀ ti wọlé. Ìyá Àgbà ní bí a bá ti túnu ìkẹyìn, àbúrò ọkọ mi yóò ránṣẹ́ sí Èkó láti kọ̀ ọ́ sílẹ̀ pátápátá. Bí mo bá sọ òtítọ́, ó ṣeé ṣe kí wọ́n dá a padà sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin mi ń múra wòlímà rẹ̀, ayẹyẹ ìparí kéú tí yóò ṣe kí ó tó lọ sílé ọkọ, ilé àlùfáà ńlá ni ó sì ń lọ. Nítorí ìwà mi ni wọ́n ṣe wá fẹ́ ẹ. Bí wọ́n bá gbọ́ pé ìyá rẹ̀ jẹ́ òpùrọ́ ńkọ́? Bí a bá ní kí á bẹ́ igi, a ó bẹ́ ènìyàn. Ta ni kí n wá bẹ́ nínú àwọn ọmọ méjèèjì yìí?

Mo ti tùúbà títí omi ojú mi fi gbẹ. Ṣùgbọ́n bàbá mi kọ́ mi pé ẹ̀ṣẹ̀ tí ènìyàn bá ṣẹ ènìyàn, ọ̀dọ̀ ẹni tí a ṣẹ̀ ni a ti ń kọ́kọ́ tọrọ àforíjìn kí á tó gbójú sókè. Nítorí náà, ẹ má sọ fún mi pé kí n máa gbàdúrà. Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ bá mi sọ ẹni tí n ó kọ́kọ́ lọ bá: ṣé ọkọ mi ni, tàbí Ìyá Àgbà, tàbí ọmọ mi tí ń fi inú dídùn ka kéú rẹ̀ nínú yàrá kejì? Ẹ tètè o, ẹ má jẹ́ kí oṣù ọdún lé. Mo mọ òtítọ́ tí n ó sọ. Ẹnu tí n ó fi sọ ọ́ ni mo ń wá. Ọmọ náà ti ń jí. Ó ti ń pè mí.