Ìdérí Ògógóró

Ó ti tó ọdún mélòó kan tí ìjà orí omi ti rọlẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí Ugbonla, láàárín ìyá àgbà kan àti tíṣà tó ń kọ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin níléèwé.

“Mama, ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni. Ọtí ń rùn lẹ́nu ẹ̀ ní kíláàsì.”

“Èmi ni mo kọ́kọ́ fún un, tíṣà. Ọmọ ọwọ́ ló ṣì wà nígbà ìjà. Lọ́jọ́ tí àwọn ọ̀tá pa ìyá ẹ̀, inú igbó etí omi la sá sí. Ọkọ̀ wọn ń kọjá, ọmọ ń sunkún. Mo fi ìdérí ìgò bu ògógóró sí i lẹ́nu kí wọ́n má baà gbọ́ wa. Gbogbo àwa tá a gbé ọmọ dání la ṣe bẹ́ẹ̀.”

“Ṣé ó dákẹ́?”

“Ó dákẹ́. Títí dòní, kò sunkún ìyá ẹ̀ rí.”

“Ó sọ fún mi pé ayé sú òun, pé òun fẹ́ lọ bá ìyá òun. Ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, Mama. Ẹ jẹ́ ká jọ mú un lọ sọ́síbítù. Kẹ́ ẹ sì sọ fún un pé ó lè sunkún.”

A dé èbúté. Ìyá àgbà di ọwọ́ tíṣà mú bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀.

“Tíṣà, mi ò tíì sọ fún un pé ọkọ̀ àwọn ọ̀tá yẹn ti kọjá.”