A Kí I, Kò Dáhùn

[Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀. Mojísọ́lá ló pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Fọlákẹ́, láti ilé ìwòsàn kan ní Ìgándò.]

MOJÍSỌ́LÁ: Ẹ kú ọ̀sán, Àǹtí mi. Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?

FỌLÁKẸ́: A dúpẹ́, Mojí. Ìyànà Ìpájà ni mo wà, ariwo pọ̀ níbí—

MOJÍSỌ́LÁ: Ẹni tó máa ń fọwọ́ túmọ̀ ìwàásù fáwọn adití ní ṣọ́ọ̀ṣì yín, ṣé ẹ ní nọ́ńbà ẹ̀?

FỌLÁKẸ́: Sista Tèmítọ́pẹ́? Mo ní i. Kí lo fẹ́ fi ṣe?

MOJÍSỌ́LÁ: Ẹ ní kó pè mí, please. Ọsibítù ni mo wà, ẹni tí mo gbé wá, a ò lè bára wa sọ̀rọ̀.

FỌLÁKẸ́: Ta lo gbé lọ— [fèrè ọkọ̀] Ṣé o gbọ́ mi?

MOJÍSỌ́LÁ: Mo ń gbọ́ yín. Ṣé ẹ rántí Zulaihat, tó kó wá sílé wa ní Ẹ̀gbẹ́dá lóṣù méjì sẹ́yìn?

FỌLÁKẸ́: Agbéraga yẹn? Tẹ́ ẹ máa kí tí kì í dáhùn?

MOJÍSỌ́LÁ: Adití ni, Àǹtí mi.

FỌLÁKẸ́: Háà.

MOJÍSỌ́LÁ: Ẹ̀yìn ẹ̀ la máa ń wà tá a bá ń kí i. Tó bá rí ojú èèyàn, ó máa ń rẹ́rìn-ín. Mo ní ó ń fi mí ṣẹ̀sín ni.

FỌLÁKẸ́: Kò sẹ́ni tó sọ fún yín?

MOJÍSỌ́LÁ: Abẹ́òkúta ni Abdulmuiz ọkọ ẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, òní ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi. Èmi ni mo lọ káàkiri ilé pé kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Ṣebí bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Tọ́mọ kan ò bá ti kí èèyàn, Màmá ti parí ọ̀rọ̀ ẹ̀.

FỌLÁKẸ́: Èmi náà ṣá bá ẹ bú u. Kí ló wá ṣe é?





MOJÍSỌ́LÁ: Ọkọ̀ tó máa ń gbé omi wá tà ń fẹ̀yìn wọ kọ̀mpáǹdì láàárọ̀. Zulaihat kọ̀yìn sí i, ó ń sá aṣọ. Mo pariwo pé kó kúrò níbẹ̀—

FỌLÁKẸ́: Kò ṣá lè—

MOJÍSỌ́LÁ: Kò yíjú. Mo tún pariwo. Kò yíjú. Tí mo bá nawọ́, ọwọ́ mi á kàn án. [ó ń sunkún] Mo pòṣé. Mo ní kó dúró síbẹ̀ kó máa ṣakọ. Ọkọ̀ yẹn fún ẹsẹ̀ ẹ̀ mọ́ ògiri. Ó kán níbi méjì.

FỌLÁKẸ́: O ò mọ̀ pé adití ni, Mojí.

MOJÍSỌ́LÁ: Mo mọ̀ pé ọkọ̀ ń bọ̀.

FỌLÁKẸ́: Ọkọ ẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó ti gbọ́?

MOJÍSỌ́LÁ: Ọkọ ẹ̀ dé, ó dọ̀bálẹ̀ fún mi. Ó ní Ọlọ́run á san án fún mi.

FỌLÁKẸ́: Kí lo wá sọ?

MOJÍSỌ́LÁ: Mo ní kò tó ọpẹ́.

FỌLÁKẸ́: Gbọ́. Má tíì sọ nǹkan kan. Ṣé o gbọ́ mi? Jẹ́ kára ìyàwó ẹ̀ kọ́kọ́—

MOJÍSỌ́LÁ: Ó ti jí. Tí mo bá ti wọlé, ọwọ́ mi ló máa dì mú. Kò fẹ́ fi í sílẹ̀.

FỌLÁKẸ́: Mo ń bọ̀ níbẹ̀. Dúró dè mí, jọ̀ọ́, má—

MOJÍSỌ́LÁ: Ọkọ ẹ̀ ń bọ̀. Ó ra omi wá fún mi.

FỌLÁKẸ́: Mojí—

MOJÍSỌ́LÁ: Bọ̀dá Abdulmuiz, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Ọkọ̀ tó gbá ìyàwó yín yẹn, mo rí i kó tó—

[Ìpè já.]