Wọ́n Ní Ọmọ Mi Kò Fọwọ́ Kan Nǹkan

Kí ni ọmọ mi máa ń ṣe nígbà tí ẹnikẹ́ni kò bá rán an níṣẹ́? Ẹ bá mi dáhùn, Àǹtí Rẹ̀mílẹ́kún! Ẹ̀yin lẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ẹ̀yin lẹ fi oyin kàn án lẹ́nu lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ẹ̀yin náà lẹ ní ká mú un lọ sí ilé-ìwé tuntun yẹn ní Ìkọ̀lé níbí, ẹ bá mi dáhùn, nítorí ìbéèrè tí Ọ̀gá Gbọ́láhàn tó ni ilé-ìwé bi mí nìyẹn, èmi ìyá tó lóyún rẹ̀ sì dúró níwájú rẹ̀, mo la ẹnu sílẹ̀ bí ẹja tí wọ́n jù sí etí odò. Láti ìbẹ̀rẹ̀ táàmù títí dòní olónìí, mi ò tíì rí nǹkan sọ. Mò ń gúnyán, ìbéèrè náà ń bi mí. Mò ń fọṣọ, ó ń bi mí. Mo kúnlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, kàkà kí n bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀, ohùn ọkùnrin yẹn ni mò ń gbọ́!

Rárá, ẹ má fa àga fún mi, mi ò jókòó. Ẹ máa tẹ máṣíìnì yín lọ, aṣọ àwọn akọrin kò gbọdọ̀ pẹ́, ṣùgbọ́n ẹ yá mi ní etí kan.

Ọlámipọ̀sí! Ọmọ tó jẹ́ pé kí àlejò tó gbé ìdí lé àga, omi ti dé iwájú rẹ̀! Ọmọ ọdún márùn-ún tó mọ̀ pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ là ń kí kú iṣẹ́, ẹni tó jókòó là ń kí kú ìjókòó! Òun ni wọ́n sọ pé kò ní ìfẹ́ àtimọ nǹkan. Wọ́n ní iná inú orí rẹ̀ kò tíì tàn. Àwọn tí wọ́n jọ wọlé ń múra Práímárì Wan, òun ni wọ́n dá padà sáàárín àwọn ọmọ tó ń fa ìka mu, àwọn tó ṣì ń tọ̀ sára, ó wá ká orúnkún kan àgbọ̀n lórí àga tí kò ga ju àpótí ìdáná lọ. Tí mo bá lọ mú un lọ́sàn-án, orí rẹ̀ á ti tẹ̀ wálẹ̀. Àǹtí mi, mo fi Ọlọ́run tó dá mi búra, ọmọ náà kò tíì bi mí pé kí ló dé tí wọ́n fi gbé òun kúrò láàárín ẹgbẹ́ òun. Kò bèèrè! Ohun tó ń dẹ́rù bà mí gan-an nìyẹn.

Kí ló ṣe? Kò ṣe nǹkan kan, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ nìyẹn. Àǹtí Glory, tíṣà wọn, gbé tábìlì kúkurú kan kalẹ̀ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ó to ìlẹ̀kẹ̀ sí i, ó to ìkarahun ìgbín sí i, ẹ̀pà tí a kò tíì pa, lẹ́ẹ̀dì aláwọ̀ oríṣiríṣi, agogo kékeré kan. Ó wá ní, “Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ṣe ohun tó bá wù yín,” ó lọ jókòó sí kọ̀rọ̀, ó káwọ́ lé itan, ó ń wò wọ́n bí ẹni tó ń ṣọ́ àgbàdo lórí iná. Àwọn yòókù ya bo tábìlì bí adìyẹ tó rí ọkà. Ọlámipọ̀sí káwọ́ sẹ́yìn, ó dúró. Wọ́n tún gbé tábìlì wá lọ́jọ́ kejì, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó dúró. Gbogbo ọ̀sẹ̀ náà!

Ẹ dákun, ta ló ni ẹrù orí tábìlì? Ta ló sọ fún un pé gbà? Ta ló fi lé e lọ́wọ́? Ẹ̀yin náà ẹ rántí Ìyá wa ní Ayégbajú, ìyá tó bí yín tó bí ọkọ mi, ẹ rántí ohun tí wọ́n máa ń ṣe fún gbogbo ọmọ tó bá ti ń rìn nínú ilé yẹn. Wọ́n á dín àkàrà, wọ́n á gbé ẹyọ kan sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á ní àwọn ń bọ̀, wọ́n á gba ẹ̀yìn ilé lọ, wọ́n á máa yọjú wò. Ọmọ tó bá fọwọ́ kàn án, ìyá rẹ̀ ò ní lè gbójú sókè nínú agbolé títí ọ̀sẹ̀ á fi parí. Ọmọ tí kò bá fọwọ́ kàn án, òun ni Ìyá máa gbé jó, tí wọ́n á fi gbogbo àwo àkàrà lé lọ́wọ́! Ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ fún mi pé Olúdayọ̀ ọkọ mi jẹ tirẹ̀ tán, tó tún ń wá èyí tó kù lábẹ́ àpótí. Ọlámipọ̀sí ò fọwọ́ kàn án. Ọmọ ọdún mẹ́ta nígbà yẹn! Mo sunkún ayọ̀. Ó dáa, ọmọ tó ti yege irú ìdánwò yẹn, ẹ wá mú un lọ síwájú tábìlì tí ẹ̀pà wà lórí rẹ̀, tí àgbà kan lọ rọra jókòó sí kọ̀rọ̀ tó ń yọjú wò ó. Kí lẹ fẹ́ kó rò? Ó mọ̀ pé ìdánwò ni! Ìdánwò sì ni lóòótọ́, ó kàn jẹ́ pé ní tiwọn, ẹni tó bá fọwọ́ kàn án ló yege.

Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ rẹ́rìn-ín o. Ọ̀rọ̀ náà tó ẹ̀rín, èmi ni mi ò ráyè rín in.

Mo lọ bá Ọ̀gá Gbọ́láhàn. Mo kúnlẹ̀ kí i, ó ní kí n dìde, ó ní àwọn kì í kúnlẹ̀ níbẹ̀. Ó wá nawọ́ sí ògiri. Ṣé ẹ ti rí ògiri yẹn? Òyìnbó ni wọ́n yà kún un láti òkè délẹ̀, onírùngbọ̀n, onírun funfun bí òwú, obìnrin kan láàárín wọn, gbogbo wọn kọjú sẹ́nu ọ̀nà bí onílé tó ń dúró de ayálégbé. Ó ní àwọn wọ̀nyí ló kọ́ gbogbo ayé bí a ṣe ń kọ́ ọmọ. Orúkọ wọn kò ṣeé gbé lẹ́nu, ni mo bá sọ wọ́n lórúkọ fúnra mi, bí ìyàwó ilé ṣe ń sọ àwọn ọmọ ilé ọkọ lórúkọ.

Ẹni àkọ́kọ́ ni Baba Síléètì. Òun ló ní orí ọmọ tuntun dà bíi síléètì tí a kò tíì kọ nǹkan sí, pé ohun tó bá fojú rí, tó bá fetí gbọ́, ló máa kọ ọ́ kún. Òfìfo! Ọmọ tó gba ẹsẹ̀ jáde tí a ń pè ní Ìgè, ọmọ tó mú orúkọ tirẹ̀ bọ̀ láti ọ̀run, òun ni síléètì òfìfo? Kó tó délé ayé ló ti bẹ̀rẹ̀ agídí tirẹ̀! Obìnrin àárín wọn ni Màmá Àga-Kékeré, dókítà ará Ítálì, òun ló ní kí gbogbo nǹkan inú kíláàsì kúrú níwọ̀n ọmọ, kí ọmọ yan èyí tó wù ú, kí tíṣà fà sẹ́yìn kó máa wò. Ẹ ò rí ẹni tó ni tábìlì! Mi ò bá tirẹ̀ jà púpọ̀, wọ́n ní àwọn ọmọ tálákà ló fi bẹ̀rẹ̀. Baba Amẹ́ríkà kan tún wà níbẹ̀ tó ní ìwé nìkan kò tó, pé ohun tí ọmọ bá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ló ń mọ̀. Áà! Ó mà rìn jìnnà kó tó rí ìyẹn o! Ọmọ àgbẹ̀ wo ni wọ́n fi ìwé kọ́ bí a ṣe ń kọ ebè?

Ọ̀gá pátápátá wọn wá ni Baba Ẹ-Fi-Í-Lẹ̀. Ó ń wò mí láti orí ògiri, ojú rẹ̀ rọ̀ bí ojú ẹni tó jẹun yó. Òun ló ní ọmọ dára láti ọwọ́ Ẹlẹ́dàá wá, ọwọ́ àwa ènìyàn ló ń bà á jẹ́, kí a fi í lẹ̀, kí igbó àti odò kọ́ ọ, kí a má tètè ki ìwé bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ni Ọ̀gá Gbọ́láhàn bá ní, “Màmá Ọlámipọ̀sí, ẹ ti tọ́ ọmọ yìí jù. Ẹ tọ́ ọ títí kò fi mọ ohun tó wu òun mọ́.” Ìgbà yẹn ló wá bi mí ní ìbéèrè rẹ̀. Ẹ gbọ́ èébú! Mo ti gbọ́ àkẹ́bàjẹ́, mo ti gbọ́ àbíìkọ́; ta ló gbọ́ ọmọ tí a tọ́ jù rí?

Ẹ fara balẹ̀, mo ń bọ̀, kò tíì tán. Wọ́n ní àwọn máa ń wá wo ilé ọmọ. Ọ̀gá Gbọ́láhàn wá, òun àti Iṣẹ́olúwa ọmọ rẹ̀, ẹgbẹ́ Ọlámipọ̀sí. Kí n tó ní ẹ káàbọ̀, Iṣẹ́olúwa ti wọ ilé ìdáná, ó ti ṣí ìkòkò, ó ti ki ọwọ́ bọ ọbẹ̀ mi dé ìgbọ̀nwọ́, ó fa orí ẹja yọ, epo ń kán tótó sílẹ̀. Mo pariwo. Bàbá rẹ̀ ní, “Ẹ fi í lẹ̀, Mà, ó ń ṣèwádìí ni.” Ìwádìí! Ìwádìí orí ẹja! Tó bá jẹ́ ọmọ mi ló lọ ṣèwádìí nínú ìkòkò tiwọn ńkọ́, kí ni wọn ì bá pè é? Ẹ wá wo Ọlámipọ̀sí: ó lọ bu omi wá, ó kúnlẹ̀ fún bàbá yẹn, ó mú àkísà, ó nu epo nílẹ̀ mọ́ tónítóní. Ẹnikẹ́ni ò rán an! Mo wo ojú Ọ̀gá, mo ní ṣé ẹ rí i báyìí? Ó ní, “Iṣẹ́ náà ṣì nìyẹn, Mà. Ohun tó wù ú ni mo bi yín.”

Àǹtí mi, mo lọ dán an wò, mi ò ní purọ́ fún yín. Lọ́jọ́ Sátidé, mo gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní kó lọ sábẹ́ máńgòrò kó ṣe ohun tó bá wù ú. Mo fara pamọ́ sẹ́yìn fèrèsé, mò ń yọjú, èmi náà wá di Àǹtí Glory. Ó jókòó. Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó tún aṣọ rẹ̀ ṣe. Ó pẹ́ díẹ̀, ó dìde, ó wá bá mi, ó ní, “Màámi, ṣé mo ti ṣe é tán?”

Ṣé mo ti ṣe é tán! Mo ní kó lọ ṣeré, ó ṣe é bí iṣẹ́, ó wá jíṣẹ́ fún mi! Mo ní àbí òótọ́ ni ọkùnrin yìí ń sọ? Àbí èmi ni mo fi “jókòó dáadáa” àti “má fọwọ́ kàn án” pa nǹkan kan nínú ọmọ yìí? Ẹ wò ó, kò sí ìyá tó yẹ kó máa bi ara rẹ̀ nírú ìbéèrè yẹn nítorí ẹ̀pà orí tábìlì.

Kí lẹ wí? Pé kí n má kó gbogbo ọgbọ́n òyìnbó dà sígbó? Ta ló kó o dà? Ṣebí ẹ mọ̀ pé èmi náà ń lọ sí ẹ̀kọ́ àgbà nírọ̀lẹ́ nínú gbọ̀ngán ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Ìgè tó ń kọ́ wa ní, “Ọ̀rọ̀ wo lẹ fẹ́ kọ́kọ́ kà?” Gbogbo wa, àwa abiyamọ ńláńlá, a ń wo ojú rẹ̀, bí ọmọ mi ṣe wo ojú Àǹtí Glory gẹ́lẹ́. Mo ní, “Èyí tí ẹ bá fún wa náà ni, sà.” Ó kọ̀. Ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó ń dúró dè wá. Nígbà tó yá, ìyá àgbà kan tí wọ́n bí ní ìlú Òsì ní òun fẹ́ rí bí wọ́n ṣe ń kọ “ulé”, kì í ṣe ilé tinú ìwé o, ulé tiwa. A rẹ́rìn-ín títí. Bó ṣe pè é náà ni Ọ̀gbẹ́ni Ìgè ṣe kọ ọ́ sójú pátákó, òun sì ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí mo kà láyé mi. Ó ní bàbá ará Bùràsíìlì kan ló kọ́ àwọn àgbẹ̀ báyìí, pé ẹ̀kọ́ kì í ṣe omi tí à ń rọ sínú àmù, ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni la fi ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n tiẹ̀ tì í mọ́lé nílùú rẹ̀ nítorí iṣẹ́ yẹn. Ìyẹn ni mo gbà lọ́gàá! Òun bèèrè ohun tó wà nílé ènìyàn kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Ta ló bèèrè ohun tó wà nílé tiwa? Ta ló bèèrè àkàrà Ìyá?

Nítorí náà, lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ẹ̀yin lẹ máa bá mi lọ. Wọ́n ní ká wá, pé àwọn máa sọ bóyá ọmọ náà á bá ẹgbẹ́ rẹ̀ wọ Práímárì Wan tàbí á tún odidi ọdún kan lò láàárín àwọn tó ń fa ìka mu. Olúdayọ̀ ò ṣeé mú lọ, “ó dáa, sà” nìkan ló mọ̀ ọ́n sọ. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ bọ́ síwájú, kẹ́ ẹ ro ọ̀rọ̀ àkàrà fún wọn látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kẹ́ ẹ ní kí Àǹtí Glory mú agogo yẹn lórí tábìlì, kó fi lé ọmọ mi lọ́wọ́, kó ní, “Gbà, tìẹ ni.” Ẹ̀ẹ̀kan péré! Mi ò tọrọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí wọ́n bá kọ̀, kí àwọn ọmọ tí wọ́n fi lẹ̀ máa ṣèwádìí nínú ìkòkò ọbẹ̀ wọn títí ìkòkò á fi gbẹ!

Ẹ ní kí ni? Pé ta ni mí, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ A, B, D, tí mo fẹ́ bá àwọn ọlọ́gbọ́n tó wà lára ògiri ṣe gbólóhùn asọ̀? Háà! Ẹ dá máṣíìnì yẹn dúró. Ẹ dá a dúró, ẹ jọ̀ọ́, kí n rẹ́rìn-ín dáadáa! Gbogbo ìgbà tí mo fi ń gbọ̀n níwájú Baba Ẹ-Fi-Í-Lẹ̀, tí mò ń bi ara mi bóyá ọwọ́ mi ló ba ọmọ mi jẹ́, mi ò mọ nǹkan kan. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá yìí ni Ọ̀gbẹ́ni Ìgè ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ fún mi, ó ní Baba Ẹ-Fi-Í-Lẹ̀ yẹn gan-an ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó kú: ọmọ márùn-ún ni obìnrin rẹ̀ bí fún un, bí wọ́n sì ṣe ń bí wọn ló ń ní kí wọ́n gbé wọn lọ sí ilé àwọn ọmọ tí wọ́n jù nù, kò tọ́ ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn.