Ọwọ́ Sẹ̀lìátù ni Tíṣà Ń Yìn

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó bú mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi láti ìgbà tí Tólú ọmọ mi ṣì ń mu ọmú, ó sì ti ń lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi báyìí. Ohun tó mú mi sọ ọ́ ni pé Tíṣà Bánjọ ń padà bọ̀ sí Ìlọrin níbí. Ó ní òun fẹ́ jókòó tì mí, kí òun wo ọwọ́ mi.

Òun ló ń kọ́ mi ní dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa kí iṣẹ́ tó gbé e lọ sí Kàdúná. Kò fẹ́ kí ẹ̀kọ́ náà dúró. Ó máa ń ya ọwọ́ ara rẹ̀ sínú fídíò bó ṣe ń tẹ dùùrù, á fi rán awakọ̀ sí mi. Èmi kò ní kámẹ́rà. Inú kásẹ́ẹ̀tì ni mo ń gba tèmi sí, tí mo ń fi ránṣẹ́ padà. Ó ń gbọ́ mi, kò rí mi.

Sẹ̀lìátù àti ọkọ rẹ̀ la jọ ń gbé ilé ní Ṣàngó nílùú yìí. Ọmọ Ìlọrin ni, mùsùlùmí ni. Ó máa ń bá mi wo fídíò náà. Lọ́jọ́ kan tí mo ń wẹ Tólú, mo gbọ́ tó ń tẹ orin inú rẹ̀ lórí dùùrù kékeré tí ṣọ́ọ̀ṣì gbé sọ́dọ̀ mi. Ẹni tí kò kọ́ ọ rí.

Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ìlara ló kọ́kọ́ mú mi. Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni. Ṣé ẹni tó wà ní Kàdúná lè fi etí lásán mọ̀ pé ọwọ́ ẹlòmíràn nìyí? Mo sọ fún Sẹ̀lìátù pé màá jẹ́ kí tíṣà gbọ́ ọ. Mo gbà á sílẹ̀. Mo fi ránṣẹ́ bíi tèmi.

Nínú fídíò tó tẹ̀lé e, tí èmi nìkan wò, Tíṣà dojú kọ kámẹ́rà, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ìyá Tólú, ta ló kọ́ ọ bí o ṣe fa ìparí orin yẹn? Kì í ṣe èmi. Má fi í sílẹ̀ o." Mo mọ ibi tó ti wá. Bí Sẹ̀lìátù ṣe ń fa ohùn nìyẹn tó bá ń kọ wákà nídìí aṣọ tó ń fọ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Sẹ̀lìátù bi mí pé, "Ìyá Tólú, kí ni tíṣà yín wí sí tèmi?"

"Kò wí nǹkan kan."

"Mo ṣáà sọ fún yín. Ọwọ́ tó mọ tùwó rò, ẹ ní kó wá tẹ dùùrù." Ó rẹ́rìn-ín. Kò fọwọ́ kan dùùrù náà mọ́.

Mo ń tan ara mi pé mo dáàbò bò ó ni, kí àwọn àna rẹ̀ má baà gbọ́ pé ó ń tẹ orin ṣọ́ọ̀ṣì. Irọ́ ni. Nígbà tó ṣì ń tẹ̀ ẹ́, ọkọ rẹ̀ gan-an máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní kó tún un tẹ̀.

Nígbà tí mo wá fi tèmi ránṣẹ́, Tíṣà ní ó jọ pé ọmọ kò jẹ́ kí n sùn. Ìdáhùn ìbéèrè mi nìyẹn: ó gbọ́ ìyàtọ̀, kò mọ̀ pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni ti àkọ́kọ́. Síbẹ̀ ó ti sọ fún pásítọ̀ wa nípa kásẹ́ẹ̀tì ìjọ́sí, èmi sì ni mo ń jókòó sídìí dùùrù ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi. Mo máa ń gbìyànjú ìparí yẹn. Kì í wá.

Fídíò tí Tíṣà ti yìn ín ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo lè fi í han Sẹ̀lìátù. Lánàá, ó pọn Tólú, ó ń fi ìka tẹ orin yẹn sí i lẹ́yìn. Mo dúró kí n wo bó ṣe máa parí rẹ̀. Ó rí mi, ó sì káwọ́ kúrò.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, kí ni kí n kọ́kọ́ sọ fún un?