Kíndìnrín Àbúrò Mi Ń Sáré, Òun Kò sì Mọ̀

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ jù nínú mi, n kò lè pa á mọ́ra mọ́. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ pè mí ní ọ̀lẹ. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ pè mí ní òpùrọ́. Méjèèjì ni màá dáhùn.

Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí kíndìnrín mi méjèèjì daṣẹ́ sílẹ̀. Àbúrò mi obìnrin, tí a jọ ń ṣe iṣẹ́ káfíńtà nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà, ló gbà kí wọ́n la òun, kí wọ́n yọ ọ̀kan nínú tirẹ̀ fún mi. Dókítà ní kí n má gbé ẹrù wúwo fún oṣù mẹ́ta. Nígbà tí oṣù mẹ́ta pé, ó ní ara mi ti yá, kí n máa lo oògùn mi, kí n sì máa ṣe eré ìdárayá. Mo délé, mo sọ fún àbúrò mi àti ìyàwó mi pé dókítà ní ohunkóhun tó bá ti wúwo ju ife tíì lọ, n kò gbọdọ̀ gbé e mọ́ láyé mi. Ẹ gbọ́ irọ́.

Ìkẹ́ ló kó sí mi lórí. Àbúrò mi ló ń gbé pákó wọlé, òun ló ń rẹ́ ẹ, èmi á jókòó ti ìrọ̀rí, màá máa fi ẹnu júwe ibi tí ìṣó máa wọlé. Bẹ́ẹ̀, kíndìnrín kan ṣoṣo ló kù sí òun náà lára.

Tó bá di ìrọ̀lẹ́, màá ní mo fẹ́ lọ rọra na ẹsẹ̀. Pápá ni mò ń lọ. Mo ti wọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń sáré níbẹ̀, lábẹ́ kóòṣì kan tí a ń pè ní Fèrè, nítorí fèrè kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Fèrè kì í pe ìdíje ní ìdíje, "sáré" ló ń pè é. Nígbà tó yá, kìlómítà mẹ́wàá kò jẹ́ nǹkan kan lójú mi mọ́.

Lọ́jọ́ kan, a fẹ́ gbé kọ́bọ́ọ̀dù oníbàárà kan gun òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Àbúrò mi ní kí n ṣáà bá òun di etí kan mú. Mo di ẹ̀gbẹ́ ara mi mú, mo kérora. Ẹ̀gbẹ́ òsì ni mo dì mú. Ọ̀tún ni wọ́n ti là mí. Ó ní kí n jókòó, òun àti oníbàárà ló gbé e. Mo sáré dáadáa ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, mo wà ní balùwẹ̀ nígbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ Fèrè wọlé sórí fóònù mi, láìsí àmì ohùn kankan: "Sare ojo Satide ti setan. Oruko yin ti wa nibe. E wo aso funfun. Awon yooku n duro de yin." Ìyàwó mi ló kà á. Kò ka sáré o, sàréè ló kà.

Kí n tó nu ara mi tán, ìyàwó mi ti wà nílẹ̀, ó ń bi Ọlọ́run léèrè ẹni tó gbẹ́ sàréè de ọkọ òun. Ó ti pe àbúrò mi, ìyẹn sì ti dé, tòun ti lẹ́búlẹ́bú pákó lórí. Mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ̀rín sì fẹ́ pa mí. Ṣùgbọ́n tí mo bá túmọ̀ ọ̀rọ̀ kan péré, gbogbo rẹ̀ ti tú nìyẹn.

Àbúrò mi kò sunkún. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, tí èyí tí mo fún yín bá ti bàjẹ́, ó ṣì ku ọ̀kan lára mi. Ẹ dìde, ká lọ bá dókítà."

Èmi ẹranko yìí, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n sinmi ná, ká lọ ní ọjọ́ Ajé. Nígbà tó di Sátidé, mo wọ síńgílẹ́ẹ̀tì funfun sábẹ́ bùbá, mo yọ́ jáde.

Ní kìlómítà keje, ọ̀rọ̀ àbúrò mi lé mi bá. Ẹsẹ̀ mi kò dúró, ṣùgbọ́n mo yà kúrò lójú ọ̀nà ìdíje, ó di ṣọ́ọ̀bù, tèmi ti nọ́ńbà láyà. Mo bá a lábẹ́ pákó. Mo gba pákó náà lórí rẹ̀, mo gbé e lé èjìká mi, mo sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ lórí ìdúró. Mo ń retí òòlù. Ó kàn bi mí pé kìlómítà mélòó ni mò ń sá. Mo ní mẹ́wàá. Ó jókòó sílẹ̀, ẹkún sì gbà á.

Ó ní, "Láti ọjọ́ yìí, mo rò pé èyí tí kò dáa ni mo fún yín."

Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Ó ti dárí jì mí lẹ́nu, kò tíì dé ojú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹlòmíràn yọ nínú ara rẹ̀ fún, lọ́jọ́ tí ara yín bá yá, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ fún. Ó ń dúró láti gbọ́ ọ.